Bátìrì Lítíọ̀mù àti Ínfátà Tí Kì Í Ṣe Ọmọ Ìyá Kan Náà

Ẹ̀kọ́ fún àwọn àgbẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ń lo iná oòrùn ní oko



Láti ọdún 2023, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà dá owó ìrànwọ́ orí epo pẹtiróòlù dúró tí owó epo sì fò sókè, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni ó ti dín lílo jẹnẹrétọ̀ kù, tí wọ́n sì yíjú sí iná tí a ń rí láti ara oòrùn. Iná yìí ni àwọn kan fi ń fa omi kànga sí oko ewébẹ̀. Òun ni àwọn mìíràn fi ń mú kí ẹja tútù má bàjẹ́. Òun náà ni ó ń mú ẹ̀rọ ìsàba ẹyin gbóná ní ọ̀sán àti ní òru.

Ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́kọ́ ra ínfátà pẹ̀lú bátìrì olómi, èyí tí ó ní òjé àti ásíìdì nínú. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, bátìrì olómi yìí á gbó, ṣùgbọ́n ínfátà á ṣì lágbára. Nígbà náà ni olùtajà yóò gbà wá ní ìmọ̀ràn pé kí á ra bátìrì lítíọ̀mù. Ìmọ̀ràn rere ni. Ṣùgbọ́n bátìrì tuntun yìí lè wá láti ilé iṣẹ́ kan, kí ínfátà sì wá láti ilé iṣẹ́ mìíràn. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, ó sì lè jẹ́ pé wọn kò gbọ́ èdè ara wọn.

Ìwé yìí kò wà láti sọ ẹnikẹ́ni di oníṣẹ́ iná. Ohun tí a ń fẹ́ ni pé kí àgbẹ̀ àti akọ̀wé ẹgbẹ́ mọ ohun tí wọn yóò béèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ wọn, àti ohun tí wọn yóò yẹ̀ wò kí oníṣẹ́ tó kúrò ní oko wọn.

1. ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ FI ṢE PÀTÀKÌ

Ẹ jẹ́ kí á wo ẹ̀rọ ìsàba. Ẹyin adìẹ a máa lo ọjọ́ 21 kí ó tó di ọmọ, ooru inú ẹ̀rọ náà sì gbọ́dọ̀ wà ní nǹkan bí 37.5 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ̀sì. Bí iná bá kú ní aago 2 òru ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, àwọn ọmọ inú ẹyin lè kú. Owó ẹyin ti lọ, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì àti ààbọ̀ ti lọ, àwọn tí ó ti san owó sílẹ̀ fún ọmọ adìẹ yóò sì máa béèrè owó wọn.

Bátìrì lítíọ̀mù wọ́n. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó tí ẹgbẹ́ yá ni wọ́n fi ń rà á. Bí a bá fi nọ́ńbà tí kò bá a mu sínú ínfátà, bátìrì náà lè bàjẹ́ ṣáájú ọjọ́ rẹ̀, ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é sì lè kọ̀ láti mú ìlérí àtúnṣe rẹ̀ ṣẹ. Nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ iná nìkan. Ọ̀rọ̀ àpò ẹgbẹ́ ni.

2. OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ BÁTÌRÌ LÍTÍỌ̀MÙ

Kí á kọ́kọ́ mọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Fóltì dà bí gíga tí a gbé táńkì omi sí: bí táńkì bá ṣe ga tó ni omi ṣe ń fi agbára sọ̀ kalẹ̀ tó. Ámpíà dà bí iye omi tí ń gba inú páìpù kọjá lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá fi ámpíà sọ fóltì di púpọ̀, ohun tí a rí ni wáàtì, èyí tí í ṣe iṣẹ́ tí iná náà lè ṣe.

Irú bátìrì lítíọ̀mù tí ó wọ́pọ̀ jùlọ fún iná oòrùn ni èyí tí a fi lítíọ̀mù, irin àti fọ́síféètì ṣe. Ní ọdún 1997 ni John Goodenough àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Texas ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí wọn lórí ohun èlò yìí jáde. Ní ọdún 2019, òun àti àwọn onímọ̀ méjì mìíràn gba ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ wọn lórí bátìrì lítíọ̀mù.

Bí a bá ṣí àpótí bátìrì yìí, a óò rí i pé bátìrì kéékèèké ni a so pọ̀ ní ìtòtẹ̀lé. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì kan jẹ́ fóltì 3.2. A kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó kọjá 3.65 nígbà tí iná bá ń wọ inú rẹ̀, kò sì dára kí á fà á lọ sí ìsàlẹ̀ 2.5.

Ẹ̀rọ kékeré kan tún wà nínú àpótí náà tí ó ń ṣọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí. BMS ni àwọn oníṣẹ́ ń pè é. Nínú ìwé yìí, ẹ̀ṣọ́ ni a ó máa pè é. Bí sẹ́ẹ̀lì kan bá kún jù, bí ó bá gbẹ jù, bí ó bá gbóná jù, tàbí bí ámpíà tí ń kọjá bá pọ̀ jù, ẹ̀ṣọ́ yóò já iná. Kì í bẹ̀bẹ̀, kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ààbò ìkẹyìn ni ẹ̀ṣọ́ jẹ́. Ínfátà ni ó yẹ kí ó dáwọ́ dúró kí ọ̀rọ̀ tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ṣọ́, gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ ti í tẹ bíréèkì kí ọkọ̀ tó dé etí kòtò.

3. KA SẸ́Ẹ̀LÌ KÍ O TÓ SANWÓ

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Ọjà kún fún bátìrì tí àwọn ènìyàn ń pè ní «48 fóltì», ṣùgbọ́n irú méjì ni ó ń jẹ́ orúkọ yìí. Òmíràn ní sẹ́ẹ̀lì 15, òmíràn sì ní sẹ́ẹ̀lì 16. Ẹ wo ìṣirò wọn:

Sẹ́ẹ̀lì 15: 15 × 3.2 = 48 fóltì.
Sẹ́ẹ̀lì 16: 16 × 3.2 = 51.2 fóltì.

Àwọn bátìrì Pylontech tí a ń pè ní US2000 àti US3000 jẹ́ onísẹ́ẹ̀lì 15. Ọ̀pọ̀ bátìrì ilé iṣẹ́ mìíràn sì jẹ́ onísẹ́ẹ̀lì 16. Kò sí èyí tí ó burú nínú wọn. Ohun tí ó burú ni kí á fi òṣùwọ̀n ọ̀kan wọn èkejì.

Ẹ jẹ́ kí á ṣèbí oníṣẹ́ ti fi nọ́ńbà 56.8 sínú ínfátà, èyí tí ó tọ́ fún sẹ́ẹ̀lì 16. Bí bátìrì náà bá jẹ́ onísẹ́ẹ̀lì 15, tí a sì pín 56.8 sí ọ̀nà 15, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan yóò máa gba bí 3.79. Èyí ti ré kọjá 3.65. Ẹ̀ṣọ́ yóò já iná ní ọ̀sán gangan, nígbà tí oòrùn ń mú jùlọ. Ínfátà yóò ṣàdédé rí i pé bátìrì ti kúrò, ó sì lè kú pẹ̀lú àmì ìkìlọ̀ lójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn wà lókè rẹpẹtẹ.

Bí ó bá sì jẹ́ òdìkejì ńkọ́? Bí a bá fi 53.2, tí ó tọ́ fún sẹ́ẹ̀lì 15, fún bátìrì onísẹ́ẹ̀lì 16, ìpín sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan kò ní í ju bí 3.33 lọ. Bátìrì náà kò ní í kún dáadáa. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kò sì ní í dọ́gba mọ́, nítorí ìgbà tí wọ́n bá súnmọ́ kíkún ni ẹ̀ṣọ́ ń rí ààyè mú wọn dọ́gba.

Àwọn nọ́ńbà tí ó wọ́pọ̀ nìyí. Bí ìwé ìlò tí ó bá bátìrì yín wá bá sọ ohun tí ó yàtọ̀, ti ìwé ìlò náà ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Fún sẹ́ẹ̀lì 15: ìkún, 52.5 sí 53.2, ìtọ́jú lẹ́yìn ìkún, nǹkan bí 51, ibi tí ínfátà yóò ti dáwọ́ dúró, 45.
Fún sẹ́ẹ̀lì 16: ìkún, 56 sí 56.8, ìtọ́jú lẹ́yìn ìkún, nǹkan bí 54, ibi tí ínfátà yóò ti dáwọ́ dúró, 48.

4. Ọ̀NÀ MÉJÌ TÍ BÁTÌRÌ ÀTI ÍNFÁTÀ FI Ń ṢIṢẸ́ PỌ̀

Ọ̀nà kìíní ni pé kí àwọn méjèèjì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. A ó so wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tí ó jọ ti kọ̀ǹpútà, láti ara bátìrì sí ara ínfátà. Nípasẹ̀ wáyà yìí ni ẹ̀ṣọ́ yóò máa sọ fún ínfátà ní gbogbo ìgbà pé: iye tí iná mi kù nìyí, fóltì tí mo fẹ́ nìyí, ámpíà tí mo lè gbà nìyí, ámpíà tí mo lè fi sílẹ̀ nìyí. Ínfátà yóò sì gbọ́ràn. Ọ̀nà yìí ni ó dára jù.

Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń gbà kọjá jẹ́ méjì tí ó wọ́pọ̀: CAN àti RS485. Ilé iṣẹ́ Bosch ti ilẹ̀ Jámánì ni ó gbé CAN jáde ní ọdún 1986 fún lílò nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: CAN dà bí ọ̀nà, kì í ṣe èdè. Ènìyàn méjì lè pàdé lójú ọ̀nà kan náà kí wọ́n má sì gbọ́ ohun tí ara wọn ń sọ. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bátìrì ń kọ́ ẹ̀ṣọ́ wọn ní èdè tí àwọn ínfátà tí ó gbajúmọ̀ ti mọ̀, bí àpẹẹrẹ èdè Pylontech. Àwọn súwíìṣì kéékèèké tí ó wà lára ọ̀pọ̀ bátìrì wà fún yíyan èdè tàbí fún fífún bátìrì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Lójú ínfátà pẹ̀lú, a gbọ́dọ̀ yan irú bátìrì tí ó bá a mu.

Wáyà náà tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Orí rẹ̀ lè wọ inú ihò méjèèjì dáadáa, síbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ má kọjá, nítorí pé ìtò okùn mẹ́jọ inú rẹ̀ yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì. Ẹ béèrè wáyà tí a ṣe fún bátìrì yín àti ínfátà yín gan-an.

Ọ̀nà kejì ni ti àwọn tí kò lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ rárá. Nígbà náà, ènìyàn ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ àwọn nọ́ńbà tí a kọ sí òkè yìí sínú ínfátà. Ọ̀nà yìí náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ní ìlànà mẹ́rin:

(a) Ẹ má ṣe yan irú bátìrì olómi lójú ínfátà. Ẹ yan ibi tí a ti lè fi nọ́ńbà tiwa sí.
(b) Ẹ pa ìkún àrà ọ̀tọ̀ tí a ń ṣe fún bátìrì olómi. Fóltì rẹ̀ lè dé 60, èyí tí kò bá lítíọ̀mù mu rárá.
(d) Bí ínfátà bá ní ètò tí ń yí fóltì padà nítorí ooru tàbí òtútù, ẹ fi í sí òdo. Bátìrì olómi ni ó nílò rẹ̀.
(e) Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé iye ìdá ọgọ́rùn-ún tí ínfátà ń kọ sójú. Fóltì lítíọ̀mù kì í yí padà púpọ̀ láti ìgbà tí ó bá kún títí yóò fi kù díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò já wálẹ̀ lójijì. Ínfátà tí ń fi fóltì nìkan mọ̀ ọ́n, àbá ni ó ń dá. Ojú bátìrì gan-an ni kí ẹ wò.

5. AGBÁRA WỌN GBỌ́DỌ̀ BÁ ARA WỌN MU

Gbígbọ́ èdè ara ẹni kò tó. Agbára náà gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ẹ jẹ́ kí á wo ẹgbẹ́ kan tí ó ní ínfátà 5,000 wáàtì, tí ó sì ra bátìrì kan tí ó jẹ́ 51.2 fóltì àti 100 ámpíà fún wákàtí kan.

Ohun tí ó wà nínú bátìrì náà nígbà tí ó bá kún ni 51.2 × 100, èyí tí í ṣe 5,120. Bí wọ́n bá fi ìdá kan nínú márùn-ún sílẹ̀ fún ààbò, 4,096 ni wọn yóò máa ná. Ẹ̀rọ ìsàba ń lo 180 wáàtì, iná ilé ọmọ adìẹ ń lo 80, iná àyíká ń lo 40. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 300. Láti aago 7 alẹ́ títí di aago 7 òwúrọ̀ jẹ́ wákàtí 12. Nítorí náà wọn yóò lo 3,600. Bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí ínfátà fà bá ṣòfò sínú rẹ̀, ohun tí yóò jáde lára bátìrì jẹ́ 4,000. Bátìrì náà tó, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ó kù.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fẹ́ lo gbogbo 5,000 wáàtì ínfátà náà lẹ́ẹ̀kan ńkọ́? Pẹ̀lú ohun tí yóò ṣòfò, yóò di bí 5,556 wáàtì. Bí a bá fi 51.2 pín in, ó ju 108 ámpíà lọ. Bí ẹ̀ṣọ́ bátìrì náà kò bá gbà ju 100 lọ, yóò já iná. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀rọ tí ń fa omi: nígbà tí ó bá ń gbéra, iná tí ó ń fà lè tó ìlọ́po 5 èyí tí yóò máa fà lẹ́yìn tí ó bá ti ń yí. Nítorí náà ẹ máa fa omi ní ọ̀sán, ẹ má ṣe tan ẹ̀rọ omi ní òru lórí bátìrì tí ń tọ́jú ẹyin. Bí agbára kò bá tó, ẹ fi bátìrì kejì kún un, kí ó jẹ́ irú kan náà láti ilé iṣẹ́ kan náà.

Ti ìkún náà ní òṣùwọ̀n. Bí ìwé ìlò bá sọ pé bátìrì kan kò gbọdọ̀ gbà ju 50 ámpíà lọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú ínfátà bẹ́ẹ̀. Kí ẹ ka ti oòrùn àti ti jẹnẹrétọ̀ pọ̀, nítorí inú bátìrì kan náà ni àwọn méjèèjì ń wọ̀.

6. ÀYẸ̀WÒ KÍ ONÍṢẸ́ TÓ KÚRÒ NÍ OKO

Ẹ ṣe àyẹ̀wò yìí ní ọ̀sán, nígbà tí kò sí ẹyin nínú ẹ̀rọ.

Ìkíní: bí àwọn méjèèjì bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ẹ wo iye ìdá ọgọ́rùn-ún lójú bátìrì àti lójú ínfátà. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà.

Ìkejì: ẹ ní kí oníṣẹ́ yọ wáyà ìsọ̀rọ̀. Ínfátà gbọ́dọ̀ kígbe tàbí kí ó fi àmì ìkìlọ̀ hàn láàárín ìgbà díẹ̀. Bí kò bá ṣe nǹkan kan, ó ṣeé ṣe kí wọ́n má ti sọ̀rọ̀ rí.

Ìkẹta: ẹ tan gbogbo ohun tí ẹ máa ń lò pọ̀, kí ẹ sì wo ámpíà tí ń jáde. Kò gbọdọ̀ súnmọ́ òpin tí ẹ̀ṣọ́ gbà jù.

Ìkẹrin: ẹ jẹ́ kí bátìrì kún pátápátá ní ojú yín. Bí ẹ̀ṣọ́ bá já iná kí ó tó kún, nọ́ńbà ìkún ti ga jù.

Ìkarùn-ún: ẹ wo fíúùsì tí ó wà láàárín bátìrì àti ínfátà. Bí kò bá sí, iṣẹ́ náà kò tíì parí.

7. OHUN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ ṢE

Ẹ má ṣe so bátìrì lítíọ̀mù àti bátìrì olómi pọ̀ mọ́ ara wọn. Ẹ má ṣe so onísẹ́ẹ̀lì 15 mọ́ onísẹ́ẹ̀lì 16.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí bátìrì gbẹ títí ẹ̀ṣọ́ yóò fi pa á. Àwọn bátìrì kan kì í jí àfi bí iná bá wá láti ara ínfátà. Ọ̀pọ̀ ínfátà kì í sì í jí àfi bí iná bá wá láti ara bátìrì. Èkíní ń dúró de èkejì, oko sì wà nínú òkùnkùn.

Ẹ má ṣe gbé wọn sínú ilé adìẹ. Èéfín ìgbẹ́ adìẹ a máa jẹ irin àti kópà, eruku a sì máa dí ihò afẹ́fẹ́ ínfátà. Ẹ wá yàrá tí ó tutù, tí kò ní oòrùn tààrà, tí eku kò sì lè wọ̀.

8. ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ ẸGBẸ́

Ẹni tí ó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kí akọ̀wé ka ìbéèrè wọ̀nyí ní ìpàdé, kí ẹgbẹ́ má sì san owó títí olùtajà yóò fi dáhùn gbogbo rẹ̀ ní kíkọ sílẹ̀:

1. Sẹ́ẹ̀lì mélòó ni ó wà nínú bátìrì yìí, 15 ni tàbí 16?
2. Ǹjẹ́ orúkọ ínfátà wa wà nínú ìwé tí ilé iṣẹ́ bátìrì kọ àwọn ínfátà tí ó fọwọ́ sí sí?
3. CAN ni wọn yóò fi sọ̀rọ̀ ni, tàbí RS485? Èdè wo ni a ó yàn? Ta ni yóò mú wáyà rẹ̀ wá?
4. Ámpíà mélòó ni ẹ̀ṣọ́ gbà kí ó wọlé, mélòó ni ó sì gbà kí ó jáde?
5. Bí a bá lò ó pẹ̀lú ínfátà ilé iṣẹ́ mìíràn, ǹjẹ́ ìlérí àtúnṣe ṣì dúró?

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí akọ̀wé da gbogbo nọ́ńbà tí a tẹ̀ sínú ínfátà kọ sínú ìwé ẹgbẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti ipò tí a fi àwọn súwíìṣì kéékèèké sí. Kí ó sì lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà. Oníṣẹ́ lè kó lọ sí ìlú mìíràn, akọ̀wé lè yí padà. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá tún ínfátà ṣe tí àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ sì parẹ́, ìwé ara ògiri yẹn ni yóò jẹ́ kí á dá wọn padà ní ọjọ́ kan náà, kí ẹyin tó tutù.